Ẹ Ṣẹ̀ṣẹ̀ Gba Tàràńtúlà Sílé: Bí Ẹ Ṣe Máa Tọ́jú Rẹ̀, àti Àwọn Ìṣe Rẹ̀ Tí Kò Yẹ Kó Já Yín Láyà

Nínú gbogbo ohun ẹlẹ́mìí tí èèyàn lè máa sìn nílé, agbára káká la fi máa rí èyí tó mọ̀ ọ́n jókòó tó tàràńtúlà, ìyẹn aláǹtakùn ńlá onírun. Ó lè dúró sójú kan láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì láìmira. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á sílé ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní ó ti fẹ́ kú. Wọ́n á fi igi tọ́ ọ wò, wọ́n á wọ́n omi sí i lára, wọ́n á gbé nǹkan gbígbóná sábẹ́ àpótí rẹ̀, wọ́n á sì máa ju oúnjẹ sí i ṣáá. Aláǹtakùn tí nǹkan kan ò ṣe tẹ́lẹ̀ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn lóòótọ́.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀: ẹ kọ́ ilé rẹ̀ dáadáa kó tó dé, ẹ mọ ohun tí ìṣe rẹ̀ túmọ̀ sí, kí ẹ sì jẹ́ kí ọwọ́ yín jìnnà sí i.

Èyí tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mú

Irú tàràńtúlà tó wà láyé lé ní 1,000. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìyẹn dà yín lọ́kàn rú, torí ọ̀nà méjì péré ló yẹ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pín wọn sí. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó wá láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àríwá àti gúúsù, ní irun wínníwínní kan lórí ikùn tí wọ́n máa ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbọ̀n sójú ẹni tó bá ń yọ wọ́n lẹ́nu. Irun yìí máa ń yúnni burúkú, àmọ́ oró eyín wọn kò le púpọ̀. Àwọn ti Áfíríkà àti Éṣíà kò ní irun yẹn rárá. Eré sísá àti eyín ni ohun ìjà wọn, oró àwọn kan nínú wọn sì lè mú kí iṣan máa fa èèyàn fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ fi àwọn yẹn sílẹ̀ ná títí ojú yín á fi là nínú iṣẹ́ yìí.

Tó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ yàn fún ẹni tí kò tíì sin irú rẹ̀ rí, *Tliltocatl albopilosus* ni mo máa mú. Irun ara rẹ̀ ká lọ́lọ́, ó wá láti agbègbè Honduras, Nicaragua àti Costa Rica, ìwà rẹ̀ tutù, kì í sì í fi oúnjẹ ṣeré. *Grammostola pulchripes* ti Argentina àti Paraguay náà dára: ó tóbi, ó ní ilà aláwọ̀ wúrà ní orúnkún, ó sì máa ń rìn bí ẹni tí kò ní ibi kankan tó ń lọ. *Aphonopelma chalcodes* tó wá láti aṣálẹ̀ Arizona le dáadáa, àmọ́ kì í tètè dàgbà. Ní ti *Brachypelma hamorii*, ọmọ Mẹ́síkò tí orúnkún rẹ̀ pupa fòò, ẹwà rẹ̀ ò ṣeé fẹnu sọ, àmọ́ kì í pẹ́ gbọn irun síni lára. CITES, ìyẹn àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe lórí títa ẹranko àti ewéko inú igbó, sì ń ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń tà á láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, torí náà, ẹ béèrè bóyá inú ilé ni wọ́n ti bí i, kì í ṣe pé wọ́n wú u nínú igbó. Ohun kan náà ni kí ẹ béèrè nípa irú yòówù kí ẹ fẹ́ rà. Orúkọ gígùn tí mo kọ yìí sì ni kí ẹ dì mú, torí orúkọ ìnagijẹ tí àwọn ọlọ́jà ń pè wọ́n lè tọ́ka sí oríṣi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ má ṣe fi èyí tó kéré bí ọmọ ìka bẹ̀rẹ̀. Ó ń tètè gbẹ, ó ń tètè sá, ó sì ṣòro láti rí. Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8 ló dáa jù. Bó bá ṣeé ṣe, kó jẹ́ abo, torí abo ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí mo dárúkọ yìí lè lò ju 20 ọdún lọ. Akọ kì í tó bẹ́ẹ̀ rárá. Nígbà tó bá ti dàgbà tán, ó sábà máa ń jẹ́ ọdún kan tàbí díẹ̀ sí i ló kù fún un.

Ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ kó tó dé

Àpótí gíláàsì tàbí ike tó mọ́ gaara ti tó. Ẹ wọn bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, láti orí ẹsẹ̀ iwájú lápá kan dé orí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lápá kejì. Kí àpótí náà gùn tó ìlọ́po mẹ́ta ìwọ̀n yẹn, kó sì fẹ̀ tó ìlọ́po méjì. Kò nílò ààfin. Èyí tó bá tóbi jù kò ní pa á lára, àmọ́ ẹ ò ní máa rí i, oúnjẹ rẹ̀ náà á sì máa rí ibi sá sí.

Gíga àpótí náà lohun tó ń pa aláǹtakùn. Èyí tó ń gbé orí ilẹ̀ kì í ṣe agùnkè, bẹ́ẹ̀ ló máa ń fẹ́ gùn. Ikùn rẹ̀ sì dà bíi báálùù tí wọ́n rọ omi kún: tó bá já bọ́ láti òkè díẹ̀ sórí nǹkan líle, ó lè bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á sì dà títí á fi kú. Torí náà, kí àyè tó wà láàárín erùpẹ̀ àti ọmọrí má ṣe ju ìlọ́po kan àbọ̀ ìwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ àpótí gíga lẹ ní, ẹ má wulẹ̀ ra òmíràn. Ẹ ṣáà máa rọ erùpẹ̀ sí i títí ó fi máa ga débi tó yẹ. Ẹ má ṣe kó òkúta ńlá tàbí ohun tó ní ẹnu ṣóńṣó sínú rẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́.

Erùpẹ̀ tó dáa jù ni èyí tí wọ́n fi èèpo àgbọn lílọ̀ ṣe. Ó sábà máa ń wá ní dídì gbẹrẹfu, ẹ á rẹ ẹ́ sómi, ẹ á sì fún un. Erùpẹ̀ ọgbà náà dáa, tí kò bá ti ní ajílẹ̀ tàbí oògùn apakòkòrò nínú. Yanrìn nìkan ò dáa, òkúta wẹ́wẹ́ ò dáa, ìfọ́ pákó tó ń ta sánsán sì lè ṣe é léṣe. Kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 10 ó kéré tán, kí ẹ sì fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa kó lè ki, torí ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú erùpẹ̀ tó fúyẹ́ máa ń ya lulẹ̀. Fún gbogbo àwọn tí mo dárúkọ lókè yìí, ẹ jẹ́ kí ojú ilẹ̀ gbẹ kó tó wọlé. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ ọ́ sínú àpótí, ẹ fún un ní ọjọ́ mélòó kan.

Ní ti ọmọrí, ẹ yẹra fún èyí tó jẹ́ àwọ̀n wáyà. Èékánná kéékèèké tó wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń há sínú ihò àwọ̀n, á rọ̀ síbẹ̀, nígbà míì ẹsẹ̀ náà á já. Ike tàbí gíláàsì ni kí ẹ lò, kí ẹ sì dá ihò afẹ́fẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Kí ihò kọ̀ọ̀kan kéré sí orí rẹ̀ dáadáa, torí ibi tí orí bá ti kọjá, ikùn á wá ọ̀nà tẹ̀ lé e. Kí ọmọrí náà sì ní ohun tó ń tì í. Aláǹtakùn yìí lágbára ju bó ṣe rí lójú lọ, ó sì lè fi ẹ̀yìn ta ọmọrí tí wọ́n kàn gbé léni.

Ó ku ibi tó máa sá pa mọ́ sí, ìyẹn èèpo igi tó tẹ̀ kọdọrọ tàbí ìlàjì ìkòkò òdòdó, kí ẹ rì í wọ ilẹ̀ dé ìdajì. Ẹ tún máa nílò abọ́ omi pẹlẹbẹ kan. Omi gidi ni kí ẹ bù sí i. Ẹ má ṣe ki fóòmù tàbí òwú bọ̀ ọ́ nítorí ẹ̀rù pé á rì: irun ara rẹ̀ kì í jẹ́ kí omi tètè wọlé, fóòmù sì máa ń kó ìdọ̀tí jọ.

Kò nílò iná. Kò nílò ohun tó ń móoru. Bí yàrá bá wà láàárín ìwọ̀n 20 sí 28 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó ti tó o. Ohun tó ń gbóná tí wọ́n ń gbé sábẹ́ àpótí burú jù. Tí ilẹ̀ bá gbóná jù fún un nínú igbó, ìsàlẹ̀ ló máa ń walẹ̀ lọ láti wá ìtura. Ẹ wá wo ẹran tó ń walẹ̀ lọ bá iná. Ẹ gbé àpótí náà síbi tí oòrùn ò ti ní ta sí i ní tààràtà, kó sì jìnnà sí ẹ̀rọ tó ń pariwo àti ilẹ̀kùn tí wọ́n ń gbá mọ́ra, torí ohunkóhun tó bá mi ilẹ̀ ló ń gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ẹ ò gbọ́dọ̀ fín oògùn apakòkòrò nínú yàrá náà mọ́. Kì í mọ̀ pé tàràńtúlà yàtọ̀ sí aáyán.

Ọjọ́ tó dé

1. Ẹ ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹ lé ajá àti ológbò jáde. Ilẹ̀ ni kí ẹ jókòó sí ṣe é, má ṣe jẹ́ orí tábìlì gíga.

2. Ẹ gbé ike tó bá wá sínú àpótí tuntun náà, ibẹ̀ ni kí ẹ ti ṣí i. Ẹ dà á ní ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ibi ìsápamọ́sí. Bó bá wù ú, á jáde fúnra rẹ̀. Bó bá di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì kó tó jáde, kò sí ohun tó burú níbẹ̀.

3. Tí ẹ bá ní láti ràn án lọ́wọ́, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó ní ọwọ́ gígùn ni kí ẹ fi kan ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ́lẹ́. Ẹ má kan ikùn rẹ̀, ibẹ̀ ni irun tó ń yúnni wà. Ẹ má sì fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i: èémí máa ń ta á jí, á sì fò sáré.

4. Ẹ ní ife ike kan tó mọ́ gaara àti páálí kan nítòsí. Tó bá sá jáde, ẹ da ife bò ó, ẹ ki páálí bọ abẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹsẹ̀ tó há sábẹ́ ẹnu ife máa ń já.

5. Ẹ dé e, ẹ tì í, ẹ kọ déètì ọjọ́ náà sílẹ̀, kí ẹ sì bá tiyín lọ.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́

Ẹ má fún un lóúnjẹ fún ọjọ́ 5 sí 7. Omi nìkan ni kí ẹ máa pààrọ̀. Ní àkókò yìí, ẹ lè rí i tó lẹ̀ mọ́ ògiri gíláàsì ní òkè, tó ń sá fún ilẹ̀. Ó lè kó gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ sára, kí orúnkún wọn ga ju orí lọ, bí ẹni tí òtútù ń mú. Ó lè wọ ibi ìsápamọ́sí lọ, kí ẹ má sì rí i mọ́ rárá. Òmíràn á dúró gbangba láàárín àpótí bí ẹni pé ó ti ń gbé ibẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Kò sí ọ̀kan tó jẹ́ àìsàn nínú wọn. Ilẹ̀ tuntun ni, òórùn tuntun ni, kò sì tíì mọ ibi tí òun wà. Tó bá lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣì ń fi ògiri ṣe ibùsùn, ẹ fọwọ́ kan erùpẹ̀ náà: ó ṣeé ṣe kó tutù jù lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Oúnjẹ

Ìrẹ̀, aáyán tí wọ́n sìn fún oúnjẹ ẹran, àti ìdin ni oúnjẹ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń sìn wọ́n ni kí ẹ ti rà á, ẹ má ṣe lọ mú ti ìta, torí ẹ ò mọ oògùn tó ti jẹ tàbí aràn tó wà nínú rẹ̀. Kí kòkòrò náà má ṣe tóbi ju ikùn aláǹtakùn náà lọ. Ẹ fi ẹ̀mú gígùn jù ú sílẹ̀ nítòsí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, torí alẹ́ ló máa ń ṣọdẹ. Ọ̀kan tàbí méjì lọ́sẹ̀ ti tó fún èyí tó ṣì ń dàgbà. Èyí tó ti dàgbà lè jẹ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì. Ikùn rẹ̀ ló máa sọ fún yín. Bó bá tóbi tó apá iwájú tàbí tó jù ú lọ díẹ̀, ara rẹ̀ dá. Bó bá rún, tó sì kéré, ẹ fi kún oúnjẹ. Bó bá wú títí ó fi ń wọ́ nílẹ̀, ẹ dín in kù.

Ohun tí kò bá jẹ títí di ọjọ́ kejì, ẹ mú un jáde. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó nìkan: ìrẹ̀ tí ebi ń pa lè jẹ aláǹtakùn tó ń bọ́ awọ lọ́wọ́.

Ẹ gbìyànjú kí ẹ jókòó wò ó lẹ́ẹ̀kan tó bá ń jẹun. Kì í fi ojú wá ìrẹ̀ náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ nínú erùpẹ̀, á yí díẹ̀, á dúró, ẹ ò tíì ní ṣẹ́jú tán tí ìrẹ̀ náà á fi ti wà lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ohun tó ń ya èèyàn lẹ́nu: pẹ̀lú ẹran lẹ́nu, á wá dìde lórí ìka ẹsẹ̀, á máa yí po, á máa fi ìdí kan ilẹ̀ ní tìró tìró. Ijó kọ́, òwú ló ń tẹ́ sílẹ̀ tó máa jẹun lé lórí. Kò lè gbé ohun líle mì. Ó máa ń pọ omi kan sórí ẹran náà tó máa yọ́ ọ, á sì máa fà á mu fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ohun tó bá ṣẹ́ kù á di ìṣù dúdú kékeré kan, èyí tó sábà máa ń gbé lọ sínú abọ́ omi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ẹ yọ ọ́ kó tó bu.

Ó sì lè kọ oúnjẹ fún oṣù mélòó kan. Àwọn *Grammostola* ni baba nínú èyí. Tí ikùn rẹ̀ bá ṣì kún, tí omi sì wà nínú abọ́, ẹ má bẹ̀ ẹ́. Ẹ dán an wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sì gbé oúnjẹ náà kúrò tí kò bá jẹ ẹ́.

Àwọn ìṣe tó ń bani lẹ́rù, tí nǹkan kan ò sì ṣe é

Ó lè ti ẹnu ihò rẹ̀ pa pátápátá pẹ̀lú erùpẹ̀ àti òwú, kí ó má sì jáde fún oṣù kan, méjì, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú gbogbo ohun tó ń ṣe, èyí ló ń ná àwọn olówó rẹ̀ ní sùúrù jù. Ẹ má hú u jáde. Ó lè jẹ́ pé awọ ló fẹ́ bọ́, ó sì lè jẹ́ pé kò kàn fẹ́ rí ẹnikẹ́ni. Ẹ máa bu omi sí abọ́, kí ẹ máa ka ọjọ́.

Ó tún fẹ́ràn láti tún ilé ṣe. Ẹ lè jí lówùúrọ̀ kí ẹ rí i pé ó ti kó erùpẹ̀ láti igun kan dé èkejì, ó ti da abọ́ omi nù, ó ti fi òwú bo ewé tí ẹ fi ṣe ọ̀ṣọ́. Ibi tó bá kó o sí ló fẹ́ kó wà. Tí ẹ bá tún un tò, á tún un kó.

Tó bá gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè, tó dá ara dẹ̀yìn, tó sì la eyín sílẹ̀, kò sí àdììtú nínú ìyẹn: ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ dé ọmọrí pẹ́lẹ́, iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe lè dúró di ọ̀la. Tí ẹ bá rí i tó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ha ikùn wìrìwìrì, irun ló ń gbọ̀n, ẹ gbé ojú yín kúrò lókè àpótí kíá. Ibi tí irun ti tán á pá, á sì wà bẹ́ẹ̀ títí di ìgbà tó bá tún bọ́ awọ.

Tó bá fi ẹnu bọ abọ́ omi, tó dojú dé, tí ikùn ga sẹ́yìn, omi ló ń mu. Ọ̀pọ̀ ló ti rí èyí tí wọ́n rò pé ó ti kú. Tó bá ń fa ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan gba ẹnu, ara rẹ̀ ló ń nù. Ohun funfun tó ta sára gíláàsì bí ọ̀dà, ìgbẹ́ ni. Ẹ fi omi nù ún.

Kò sì mọ̀ yín. Ojú mẹ́jọ tó ní kò ríran jìnnà, irun ara rẹ̀ ló fi ń mọ ohun tó ń lọ. Bó bá rọra gun ọwọ́ yín lọ́jọ́ kan, ọwọ́ náà jẹ́ ilẹ̀ lójú tirẹ̀, ilẹ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi rí èrè kankan nínú gbígbé e sọ́wọ́. Ẹ̀yin lẹ máa gbádùn ẹ̀, òun ló máa já bọ́.

Bíbọ́ awọ

Ìgbà yìí lẹ̀rù máa ń ba èèyàn jù, òun náà sì ni ìgbà tí ọwọ́ ò yẹ kó kàn án rárá. Àmì rẹ̀ máa ń hàn ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú. Á kọ oúnjẹ, àwọ̀ ara rẹ̀ á ṣá, á máa fà bí ẹni tó ń ṣàárẹ̀. Bí ikùn rẹ̀ bá ní ibi tó pá, ibẹ̀ á di dúdú, torí irun tuntun ti wà lábẹ́ awọ. Nígbà tó bá yá, á hun ẹní òwú funfun sílẹ̀, á sì fẹ̀yìn lélẹ̀ sórí rẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ á nà sókè.

Ẹ gbọ́ o: tàràńtúlà tó fẹ̀yìn lélẹ̀ kò kú. Ẹ má yí i padà. Ẹ má wọ́n omi sí i.

Fún ìgbà díẹ̀, ẹ ò ní rí ohun kankan. Lẹ́yìn náà, ìgbá líle tó bo apá iwájú rẹ̀ á ya létí, ikùn á ya lẹ́gbẹ̀ẹ́, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹsẹ̀ jáde kúrò nínú ẹsẹ̀ àtijọ́, á fà á díẹ̀, á sinmi, á tún fà á. Eyín náà máa ń bọ́ awọ. Nígbà tó bá jáde tán, eyín tuntun á funfun báláú, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rọ̀. Iṣẹ́ yìí lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí fún èyí tó ti dàgbà. Tó bá parí, á dùbúlẹ̀ síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, á na ẹsẹ̀, á ká a, á sì yí ara rẹ̀ dìde nígbà tó bá wù ú.

Ẹ má fún un lóúnjẹ títí eyín rẹ̀ á fi kúrò ní funfun, tó máa pọ́n, tó sì máa wá dúdú. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni fún èyí tó tóbi. Omi ni kó pọ̀. Ẹ fi ẹ̀mú mú awọ àtijọ́ náà jáde lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì. Ẹ má jù ú nù: tí ẹ bá rẹ ẹ́ sómi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí ẹ sì tẹ́ apá ikùn rẹ̀ sílẹ̀, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò lè rí àpò kékeré tí abo fi ń tọ́jú àtọ̀ láàárín ojú ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì tòkè. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo nìyẹn, láìfọwọ́ kàn án.

Èyí tó ṣì kéré máa ń bọ́ awọ lọ́pọ̀ ìgbà lọ́dún. Abo tó ti dàgbà lè bọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tàbí kó tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá rí i lẹ́yìn tó bọ́ awọ pé orí apá kékeré méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀ ti wú ribiti, akọ tó ti dàgbà tán ni. Kò ní fi bẹ́ẹ̀ jẹun mọ́, á máa rìn káàkiri tọ̀sán tòru, á máa fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Abo ló ń wá.

Ohun tó yẹ kí ẹ dìde sí

Aláǹtakùn kò ní iṣan tó ń na àwọn oríkèé ẹsẹ̀ kan. Ẹ̀jẹ̀ tó ń tì wọ inú ẹsẹ̀ ló fi ń nà án. Torí náà, tí omi ara rẹ̀ bá gbẹ, tàbí tó bá ń kú lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ká sábẹ́ ara. Bí ẹ bá rí i tó dúró ní ìdúró rẹ̀, tí kì í ṣe pé ó fẹ̀yìn lélẹ̀, tí gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ ká bọ abẹ́ ikùn bí ọwọ́ tó di ẹ̀ṣẹ́, ẹ má jáfara. Ẹ kún abọ́ omi, ẹ rin erùpẹ̀ tó yí i ká, kí ẹ sì rọra gbé e kí ẹnu rẹ̀ kan etí omi. Ẹ má rì í.

Tí omi aláwọ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ bá ń jò lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹ fi ìyẹ̀fun àgbàdo díẹ̀ bo ojú ọgbẹ́ náà kó lè dì. Ẹsẹ̀ tó bá já máa ń hù padà nígbà tó bá bọ́ awọ, á kọ́kọ́ tín-ín-rín, á sì máa sanra díẹ̀díẹ̀. Tí ohun funfun tó ń rùn bá wà lẹ́nu rẹ̀, tí kò sì jẹun mọ́, aràn lè ti wọ̀ ọ́. Ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù, ẹ má lo ẹ̀mú kan náà fún wọn, kí ẹ sì wá dókítà ẹranko tó mọ̀ nípa aláǹtakùn.

Ní ti ara tiyín: ẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn gbogbo iṣẹ́ inú àpótí, ẹ má sì fi ọwọ́ náà ra ojú kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Tí irun rẹ̀ bá wọ ojú, omi tó mọ́ ni kí ẹ fi ṣàn án láìra á, kí ẹ sì lọ rí dókítà ojú, torí irun náà lè gún wọ inú ẹyinjú. Tí ọ̀kan nínú àwọn tí mo dárúkọ yìí bá géni jẹ, ó máa ń dùn tó bíi kí oyin tani. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Tí èémí bá ń há, tàbí tí ojú bá ń wú, ilé ìwòsàn ni.

Tó bá sì sá lọ, ẹ kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn yàrá náà kí ẹ fi aṣọ dí abẹ́ rẹ̀. Kò sábà rìn jìnnà. Ẹ wo abẹ́ àti ẹ̀yìn nǹkan tó sún mọ́ àpótí ná, inú bàtà, ìṣẹ́po aṣọ ìkélé, gbogbo ibi tó ṣókùnkùn tó sì há. Ẹ má ti àga tàbí bẹ́ẹ̀dì láìkọ́kọ́ wo abẹ́ wọn. Tí ẹ ò bá rí i, ẹ gbé abọ́ omi pẹlẹbẹ sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri, kí ẹ sì padà wá lóru pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ife ike yẹn àti páálí rẹ̀.